Omi Tí Mo Kà sí Epo

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí aláìsàn, ẹ má tíì gbàdúrà. Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí èémí tó tán, torí ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Gherasim, gbé ife ọtí yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Veturia, àbúrò mi, jókòó. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí kànga epo ẹ̀yìn ìlú Moreni, èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní ìpele méjì. Wọ́n ní kí èmi Pamfil wọn iye epo àti omi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Fáànù kékeré kan, tí ohun tó ń ṣàn nínú kànga máa ń yí, là ń fi okùn irin sọ̀ kalẹ̀, tí à ń fà sókè, kíákíá, lẹ́yìn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ká lè mọ bí ìrìn okùn ṣe ń yí i yàtọ̀ sí bí epo ṣe ń yí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré la fà á lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ kejì ni Ọdún Àjíǹde. Gherasim, ìwọ tí o wà nídìí ẹ̀rọ okùn, o ní, "Ọ̀gá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àgùntàn ọdún jóná nítorí fáànù o! Ìyàwó mi ní tí mo bá tún pẹ́, kí n kúkú gbé kànga níyàwó." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ẹ̀rín òmùgọ̀!

Nígbà tí mo jókòó ti ìṣirò, mo rí i pé láàárín ìpele méjèèjì, ẹ̀yìn ni fáànù ń yí sí. Nínú kànga tó tẹ̀, epo a máa sáré gba òkè, omi tó wúwo a sì máa yọ̀ padà sísàlẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n padà lọ tún un wọ̀n. Ojú tì mí láti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré la fà á. Mo ka omi tó ń já bọ́ sí epo tó ń gòkè, mo ní ìpele ìsàlẹ̀ ló ń bọ́ wa, kí wọ́n dí tòkè. Veturia a-díhò-ilẹ̀-má-jò, ìwọ ni o fi sìmẹ́ǹtì dí i, iṣẹ́ rẹ sì dán bí àwo. Àṣé orísun epo la dí. Omi lásán ló kù.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ bi mí, mo ní sìmẹ́ǹtì ló jò. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Veturia, ìwọ fúnra rẹ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá mi lóhùn bí ọ̀gá. Ṣé ọwọ́ mi ló pa kànga yẹn?" Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Ọwọ́ rẹ ni." Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà o ò fọwọ́ kan kànga mọ́. Kábéèjì lo ń gbìn.

Arínúróde, Ọba tí kò nílò okùn kó tó mọ ìsàlẹ̀, rí mi. Veturia, mi ò ní kí o forí jì mí lónìí. Bó o bá fẹ́, máa bínú títí wọ́n á fi sin mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, forí ji ọwọ́ yẹn. Kò ṣe nǹkan kan.