Wàákyé Tí Mo Fi Fáírọ́ọ̀sì Irọ́ Jẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wú nínú mi, ó ti tóbi ju gbogbo àdúgbò Adum lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, màá bẹ́ bíi táyà ọkọ̀ èrò trotro.

Èmi Jùbrílù ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, níbi tá a ti ń ta fíríìjì. Kọ̀ǹpútà àgbà kan tá à ń pè ní sáfà wà ní kọ̀rọ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń lò, fáírọ́ọ̀sì tó ń pa àwọn yòókù ò rí i gbé ṣe. Láràárọ̀, á gba inú wáyà yẹ kọ̀ǹpútà gbogbo wa wò, á sì kéde orúkọ ẹni tó bá bá fáírọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin wa ni pé onítọ̀hún ló máa ra wàákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, fún gbogbo ọ́fíìsì.

Ebi tèmi kì í ṣe ebi èèyàn, mo lè jẹ ìkòkò mọ́ ìdérí. Fáìlì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Kò lè pa eṣinṣin, àmọ́ bí sáfà bá rí i, igbe tó máa ké, òkú ọgọ́rùn-ún ọdún á jí! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sínú kọ̀ǹpútà àwọn ará ibiṣẹ́. Màdáàmù Bertha ra wàákyé. Godfred ra tiẹ̀ tẹyin-tẹyin.

Godfred á ní: "Ei, Jùbrílù, fáírọ́ọ̀sì yìí mà fẹ́ràn mi o!"

Èmi á mirí bíi dókítà, ẹnu mi á kún fọ́fọ́. Ọ̀lẹ olójúkòkòrò ni mí!

Ibi tó burú jù rèé: mo jù ú sínú kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ọláníyọnu fúnra wọn. Ọ̀gá kẹ̀? Kí wọ́n máa ra wàákyé fún àwa ọmọ iṣẹ́? Wọ́n bú ramúramù. Fláàṣì kan ṣoṣo tó wọ kọ̀ǹpútà wọn ni ti Gifty akọ̀wé, tó fi gbé orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wá fún wọn.

"Gifty, ìwọ lo kó o wọlé! Tó bá di Mọ́ńdè, wáṣẹ́ síbòmíì!"

"Ọ̀gá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, mi ò mọ nǹkan kan!"

Ẹkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àdúgbò Asafo lọ. Wàákyé àná di òkúta níkùn mi. Mo nà gbalaja sílẹ̀: "Ọ̀gá, èmi ni fáírọ́ọ̀sì náà!" Mo ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátá.

Màdáàmù Bertha pariwo: "W'abɔ dam? Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. Ni ikùn wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín bú, fíríìjì mẹ́fà mì tìtì. "Gifty, máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ, má bínú. Ìwọ ni kó o dájọ́ fún un."

Gifty nu ojú. "Kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju fáìlì yẹn sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì."

Mo kọ́ ọ. Èmi dìndìnrìn!

Láti ìgbà náà, Jùbrílù nìkan ni sáfà ń pè. Gifty á máa wo òkè àjà bí áńgẹ́lì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi irọ́ bọ́ ikùn o. Gifty, jọ̀ọ́, foríjì mí, ó kéré tán jẹ́ kí n sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo ń lọ ra wàákyé báyìí. Godfred ń ké tẹ̀ lé mi: "Fi ẹyin sí tèmi o!"