Ewé Tí Mo Sún ní Oríta Igbó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé e sínú. Ọkọ mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá mú ìyá rẹ̀ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Àbújá. Wọ́n gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé.

Mo máa pè é ní Ìyá Dàpọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Tíṣà ni àwa méjèèjì, ilé ẹ̀kọ́ kan náà la sì ti ń kọ́ni láti bí ogún ọdún. Nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, tó ní kí n máa rìn dáadáa, òun ló ní òun á máa bá mi rìn. Òun náà ló gbọ́ nípa igbó kékeré kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí wọ́n dá sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi tàbí pa ẹran níbẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ló mọ ibẹ̀.

A lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ igbó náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo bàtà wa, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ gbọ́ o. Ọ̀nà odò ti di irà, ẹ má gbà á. Tí ẹ bá dé oríta, ẹni tó wà níwájú ni kó já ewé tútù, kó fi dí ọ̀nà tí kò gbà. Ẹni ẹ̀yìn kò ní ṣìnà."

A ní a ti gbọ́. Ta ni kò mọ ewé oríta? Àwọn òbí wa ń ṣe é nígbà tí a bá ń tẹ̀ lé wọn lọ sóko.

Mo ń yára rìn. Ìyá Dàpọ̀ ń dúró fi fóònù ya olú àti labalábá.

"Ṣé ilé ọkọ tuntun lò ń sáré lọ ni?" ó pariwo lẹ́yìn mi.

"Ìwọ jókòó ti olú rẹ, kó o sè é jẹ!"

Nígbà tí mo dé oríta, n kò rí i lẹ́yìn mọ́. Pátákó tó yẹ kó júwe ọ̀nà ti wó, ikán ti jẹ ẹ́. Ọ̀nà apá òsì fẹ̀, ti ọ̀tún há. Mo rò pé èyí tó fẹ̀ ni ọ̀nà gidi. Mo já ewé, mo fi dí ọ̀tún, mo sì gba òsì.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi gbé mi mì dé itan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irà kò bá mú rí kò lè mọ bó ṣe rí. Bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ kan yọ ni èkejì ń wọlẹ̀. Gbòǹgbò igi kan ni mo dì mú tí mo fi wọ́ ara mi jáde. Bàtà mi kan kù síbẹ̀. Mo sáré padà sí oríta, mo fo ewé náà kọjá, mo gba ọ̀tún lọ. N kò rántí pé ó yẹ kí n sún un. Ọlọ́run ló gbọ́, n kò rántí.

Mo ti jókòó lórí òkúta kan fún ìgbà pípẹ́, tí mo ń retí rẹ̀, kí ọkàn mi tó sọ pé: ewé! Ewé mi ń sọ fún un pé kó gba ọ̀nà irà.

Mo sáré padà. Láti oríta ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lápá òsì. Ó ń pe orúkọ mi.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyí. Kí n tó dá a lóhùn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kó ewé náà, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà apá òsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó sáré lọ pe bàbá.

Okùn àti pákó ni bàbá àti àwọn tó pè wá fi fà á jáde. Irà ti mù ún dé àyà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá ní oríta, ó nawọ́.

"Ọ̀tún ni ewé wà," ó ní. "Mo fi ojú mi rí i."

Bàbá wo ewé. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. "Màmá, ibo lẹ fi ewé sí?"

"Òsì ni," mo ní.

Bàbá ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ẹsẹ̀ Ìyá Dàpọ̀ ti san. Àmọ́ àrùn ìgbàgbé ló pa ìyá tó bí i, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé ó lè mú òun náà. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó máa tilẹ̀kùn, á tún padà wá wò ó. Kò wa mọ́tò mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá takò ó, kíá ló máa ní òun ló ṣì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí i, ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé yóò gbàgbé ni. Òun sì ni kò gbàgbé.

Lánàá, ó mú lẹ́tà wá bá mi, èyí tí ó fi fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá òun ti kọ ìkọkúkọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ojú wọn kò ríran dáadáa, pé kí tíṣà tó ń bọ̀ máa fi wọ́n síwájú. Ọmọ méje ni. Kò gbàgbé ẹyọ kan.

Mo ní lẹ́tà náà dára. Ó dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, mo tún fẹ́ béèrè. Ṣé ó dá ọ lójú pé òsì ni?"

Mo lanu kí n sọ pé ọ̀tún. Òsì ló jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ, n kò mọ ohun tí òun àti ọmọ rẹ̀ máa fi mí ṣe. Bí n kò bá sọ, yóò lọ sí Àbújá lọ máa dúró de àrùn tí kò ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀.