Ẹsẹ̀ Bọ̀dá Mobọ́lájí Lórí Bíréèkì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará Ìpakodò, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Màmá Ògoolúwa, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni Kàmọ́rù mẹkáníìkì. Mo rí bí àwọn kan ṣe gbójú kúrò nígbà tí mo gba máìkì. Ẹ gbójú padà! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò ní dákẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí.

Àwọn kan ní èmi ni mo pa Bọ̀dá Mobọ́lájí. Ẹ má wolẹ̀, ṣebí ẹ̀ ń sọ ọ́! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tẹ́ ẹ ti ń sọ ọ́ ní páàkì, tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ létí ọ̀sà: "Bíréèkì tuntun tí Kàmọ́rù ṣe sí Ìjàpá ló pa á." Ògoolúwa, àkọ́bí wọn tó jókòó yìí, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bọ̀dá Kàmọ́rù, kí lẹ fi sí mọ́tò bàbá mi?" Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi gan-an ò mọ̀ bóyá bíréèkì yẹn ló kọ̀! Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun.

Ta ni ò mọ Ìjàpá? Mọ́tò búlúù tí bàbá Bọ̀dá fi sílẹ̀ fún wọn, tó dàgbà ju èmi tí mò ń tún un ṣe lọ. Òun ni wọ́n fi gbé ìyàwó mi tó ń rọbí lọ́jọ́ òjò, tí wọ́n ń tẹ bíréèkì, tí wọ́n ń pe Jésù. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin tó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Tómi òjò bá wọ inú ẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ tì. Tó bá wá mú, ọwọ́ òsì ló máa fà yín lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀ wọ́n pé ẹ jẹ́ ká fi dísìkì síwájú, àwo irin tí páàdì méjì máa ń fún mọ́ àárín. Ẹ mọ èsì wọn? "Kàmọ́rù, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ojú omi. Ta ló fún ọkọ̀ ojú omi ní bíréèkì?" Olórí kunkun! Bọ̀dá lè bọ́ ẹ̀wù ọrùn wọn fún ẹ, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà fún ẹ.

Lásìkò òjò tó kọjá, Ìjàpá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí jẹ́tì, bíréèkì kọ̀. Irin etí omi ló dá a dúró, tí Bọ̀dá àti Màmá Ògoolúwa wà nínú ẹ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tún wọ̀ ọ́ mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bọ̀dá dé eegun. Ọjọ́ kejì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi: "Ó yá, gbé àwo ẹ wá."

Mo yọ dúrọ́ọ̀mù iwájú méjèèjì, mo fi dísìkì sí i, mo pààrọ̀ páìpù àti ọ́ìlì. Ó wá ku ká lé atẹ́gùn inú páìpù jáde. Ẹnì kan á jókòó nínú mọ́tò, á tẹ bíréèkì. Ẹnì kejì á wà nílẹ̀, á máa tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tòkè ò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ àfi tẹ́ni ìsàlẹ̀ bá ní kó tú bíréèkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á padà wọlé. Bọ̀dá ní àwọn làwọn máa tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ dì í mú!" Wọ́n gbẹ́sẹ̀. "Àná ni wọ́n bí ẹ, ìwọ lò ń pàṣẹ fún mi?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́. Inú bí mi. Mo ní, "Bọ̀dá, bí sánmọ̀ bá ń wó, tí mi ò bá tíì ní kẹ́ ẹ tú u, ẹ má gbẹ́sẹ̀!" Wọ́n ní àwọn gbọ́. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Ásárì nìyẹn. Mo dìde, mo kírun, mo tún bá lèmọ́mù tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí mo padà dé, Bọ̀dá ṣì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, òógùn ń ṣàn, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "O ò tíì ní kí n tú u."

Ẹ rẹ́rìn-ín, torí ibi tó le là ń lọ yìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn nìkan. Ní ìyànà Ejìnrìn ni wọ́n kú sí, lórí ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ayé ní irọ́ ni, bíréèkì ló kọ̀, ìpayà ló pa wọ́n.

Lánàá, èmi àti Ògoolúwa lọ síbẹ̀. Wọ́n kàn ti Ìjàpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni. Mo ní kó jókòó, kó tẹ bíréèkì. Èmi bọ́ sẹ́yìn láti tì í. Tẹ́sẹ̀ ọmọ yìí bá rì wọlẹ̀, èmi ni mo pa bàbá ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo tì í, mo tì í, mo fèjìká tì í. Mọ́tò ò mira!

Obìnrin kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ ń wò wá. Waliyah, ẹ dìde, kí wọ́n rí yín. Ó ní ọjọ́ náà, Ìjàpá yà kúrò lójú títì, ó kọrí sí àtíbàbà òun, bàbá inú ẹ̀ sì fọwọ́ di àyà mú, wọ́n dorí kodò. Lateefah, ọmọ ẹ̀ ọdún mẹ́ta, jókòó sílẹ̀ níwájú àtíbàbà. Ìyá ẹ̀ lọgun. Bàbá gbórí sókè, wọ́n rí ọmọ, wọ́n tẹ bíréèkì. Mọ́tò ò fà sósì, kò fà sọ́tùn-ún. Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì kó kan ọmọ náà, ó dúró, ẹ́ńjìnnì kú. Nígbà táwọn èèyàn yóò fi ṣílẹ̀kùn, Bọ̀dá ti lọ, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí bíréèkì. Ọkùnrin mẹ́ta ló fagbára yọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ògoolúwa fúnra ẹ̀ ló fún mi ní máìkì yìí.

Bọ̀dá Mobọ́lájí, mo pẹ́ kí n tó dé. Ẹ foríjì mí. Wọ́n fagbára yọ ẹsẹ̀ yín, ẹnì kan ò sọ fún yín pé ó tó. Ọmọ náà rèé lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì. Màmá ní Ìjàpá làwọn máa wọ̀ tẹ̀ lé yín lọ síbi ìsìnkú lọ́la. Atẹ́gùn ti tán nínú páìpù, iṣẹ́ ti parí, ọ̀nà yín mọ́.

Èmi Kàmọ́rù ni mo sọ ọ́, Bọ̀dá mi. Ẹ tú u. Ẹ gbẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.