Ewé Ìwé Tí Mo Ya

Judith, fi abọ́ yẹn sílẹ̀ kí o wá jókòó. Wòlíì Zacharie, ẹ má jáde, ẹ dúró gbọ́ ọ. Àyà tó ń dùn mí yìí kò ní jẹ́ kí n parí ọdún 1990, bí mo bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, aṣọ funfun tí ẹ máa fi sin mí á di irọ́ mìíràn. Ẹnu mi mú, gbogbo Bantè ló mọ̀. Ẹnu yẹn náà ni mo fi ṣèkà, òun náà ni mo máa fi jẹ́wọ́.

Nígbà tí Élisée, àbúrò mi, tó bí ọ, kú ní 1972, ọmọ ọdún méjì ni ọ́. Ilé bàbá ló ni ọmọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Èmi tí mi ò bímọ rí ni mo lọ gbé ọ ní Savalou lọ́wọ́ Àdìkẹ́, ìyá rẹ. Àdéhùn wa ni pé á máa wá wò ọ́. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, o sunkún tẹ̀lé e títí dé ọ̀nà, mo bá ní kó má wá mọ́ títí ojú rẹ á fi mọ́lé. Ta ni mo ń tàn? Ojú tèmi ni kò gbà á.

O rántí Àkànní, ará Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀sáǹsì, epo mọ́tò, tó ń kó ìwé àlòkù wá láti Kutọnu fún àwa tí a fi ń di ẹ̀pà. Inú ẹrù rẹ̀ lo ti ń ṣa ìwé aláwòrán àwọn alágbára tó ń fò. Ọmọ òrukàn ni gbogbo wọn. Àǹtí kan á máa se oúnjẹ, á máa rán aṣọ wọn tó ya, kò ní mọ ibi tí wọ́n fò lọ. Mo fẹ́ràn àwọn àǹtí yẹn. Lọ́jọ́ kan o bi mí pé, "Tantí, kí ló dé tí kò sí èyí tó ní ìyá nínú wọn?" Mo ní ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ni agbára ń bá gbé. O ní tìrẹ ńkọ́. Mo ní ó ti kú. O kò sunkún. Ìró mi lo so mọ́ ọrùn, o ń sáré yí àgbàlá ká pé o máa fò. Inú mi sì dùn. Olúwa, inú mi dùn.

Ní 1980, o lọ kó iṣu ní Pira, mo wá ń ka ìwé tuntun rẹ, torí mo kàwé dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń fò nínú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó bá ìyá rẹ̀ láàyè níwájú géètì kan, wọ́n dì mọ́ra. Mo fa ewé yẹn ya, mo jù ú sórí àtẹ ẹ̀pà.

Ọ̀la rẹ̀ gan-an ni Àdìkẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀, ó pè mí ní ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kàn rí ojú rẹ̀. Mi ò ní mú un lọ." Mo ní o ò sí nílé. Ó ní òun á dúró dè ọ́. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo bá mú ewé yẹn lórí àtẹ. Mo ní, "Òun ló ní kí n fún ọ. Ó ní kí o má wá, òun fúnra òun á wá bá ọ bí òun bá dàgbà. Ó mọ̀ pé o ò mọ̀wé, ìyẹn ló ṣe fi àwòrán ránṣẹ́." Ó tẹ́ ewé náà lórí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó tẹ́jú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Judith. Aṣọ tó gbé wá fún ọ, mo ní èmi ni mo rà á, òun lo wọ̀ ní Kérésì. Nígbà tí o dé, o ní ìwé rẹ fo ibì kan. Mo ní bóyá bí Àkànní ṣe rà á nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní mo ń lọ ṣe ìsọ́ òru ní Gouka. Irọ́ ni. Ìsìnkú ìyá rẹ ni mo lọ. Dorcas, àbúrò rẹ̀, sọ fún mi pé ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ lọ sí Kutọnu, ó kọ̀, ó ní kí ọmọ òun má wá bá ilé lófo. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró, kò fi ewé náà han ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tó ń kú lọ. Dorcas kò mọ̀wé. Ó ki ewé náà bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n fún ọ, kí n sọ pé ìyá rẹ dúró dè ọ́. Mo gbà á, mo sì tún dákẹ́ fún odidi ọdún kan.

Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mú un. Bí o bá lè dárí jì mí, ṣe é kí n tó lọ. Bí o ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n lọ sí Savalou, kí Dorcas fi sàréè hàn ọ́, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọmọbìnrin inú àwòrán yẹn sí ìyá rẹ létí, nítorí kò sẹ́ni tó kà á fún un rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Màmá, wọ́n sọ fún mi pé o ti kú."