Túúbù Kẹfà

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí yóò tún ẹjọ́ ọmọbìnrin náà gbọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọdún méjì ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, n kò sì lè gbé e mọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Oníyìnyín ní yàrá ìwádìí, torí èmi ni mo ń tọ́jú ohun tí kò gbọdọ̀ gbóná. Ìwé mi kò pọ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kan sọ, kí ọ̀gá yàrá náà bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ mi ṣe, n kò lè ṣì í sọ.

Bí wọ́n ti kọ́ mi, purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ áktínì. Ó máa ń so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, á di okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dúró, tó sì fi ń rìn. Àwọn purotéènì mìíràn ń dì mọ́ okùn yìí: òmíràn ń gé e, òmíràn ń dé e lórí kó má gùn mọ́, òmíràn ń dì í ní ìdì. Ọmọbìnrin náà, tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé, fẹ́ mọ̀ bóyá purotéènì tí òun ń ṣèwádìí rẹ̀ wà lára wọn. A ó po òun àti áktínì sínú túúbù tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún, a ó fi ẹ̀rọ yí wọn kíkankíkan. Okùn áktínì á rì sí ìdí túúbù, ohun tó bá dì mọ́ ọn á bá a rì. Túúbù kẹfà ni ẹlẹ́rìí: purotéènì tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí òun náà bá rì, márùn-ún yòókù kò fi nǹkankan hàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ṣe é, mo gbé ìgò purotéènì rẹ̀ jáde nínú fírísà, mo sì gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé títí di ọ̀sán. Èmi, Bàbá Oníyìnyín. Mo dá a padà sínú yìnyín bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀, mo fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wo túúbù kẹfà, kókó funfun kan jókòó sí ìdí rẹ̀. Ooru ti mú un dì pọ̀, ó ń dá rì láìsí áktínì. Ọ̀gá sì ti sọ fún mi pé, “Bàbá, àṣìṣe kan sí i, ẹ ó lọ sinmi nílé.”

Obìnrin tó ń fọ ìgò wò mí. Ó ní, “Ẹ ti dì ju yìnyín yín lọ.” Mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣebí ìgò kékeré kan ṣẹ́kù? Ẹ da ìkẹfà nù, ẹ ṣe òmíràn. Ta ni yóò bi túúbù léèrè?” N kò di ẹ̀bi rù ú. Èmi ni mo fa èyí tí kò tíì gbóná, mo yí i, ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì tò ó mọ́ márùn-ún tó bàjẹ́.

Nígbà tí ọmọ náà rí èsì, ó rọra jókòó. “Bàbá, ó dì mọ́ ọn.” Mo kí i kú oríire. Ẹnu yìí ni mo fi kí i.

Àwọn ẹlòmíràn ní yàrá ìwádìí mìíràn gbìyànjú rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rì mọ́. Wọ́n ní irọ́ ló pa. Ọ̀gá pè mí síwájú wọn: “Ẹ̀yin lẹ to túúbù yẹn. Ǹjẹ́ ẹ rí ohun tó yàtọ̀?” Ọmọ náà ń wò mí, ó dá a lójú pé màá gbà á sílẹ̀. Mo ní, “Rárá, ọ̀gá. Bó ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe lò ó.” Ìyẹn burú ju túúbù lọ. Wọ́n lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ náà ni mo bá tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. “Ẹ káàsán, Bàbá Oníyìnyín. Ara yín ńkọ́?” Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó ní, “Ẹ̀ bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ǹ bá ṣe purotéènì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.”

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì fi ìyà tó tọ́ jẹ mí. N kò tíì ní ojú tí mo fi lè bẹ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí yóò gba ipò mi, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ojú á tì yín títí di ìrọ̀lẹ́. Tèmi ti di ọdún méjì, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń rù ú.