Àṣà Tí A Dá Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti jẹun?

Ẹ̀GBỌ́N: Oúnjẹ kẹ̀? Àtìgbà tí o ti pè mí láàárọ̀ pé Bàbá ti lọ, omi lásán, mi ò tíì mu ún. Mi ò lè jókòó. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni mo dúró sí. Ọkọ̀ ojú irin yìí ń wọ́ bí ìgbín, ó ku wákàtí méjì kí n dé. Ìwọ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo lo wà? Ariwo kí nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Àwọn èèyàn ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Èèyàn wo? Ṣé o ò lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé a ti tì ni?

ÀBÚRÒ: Mo lẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á. Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta—

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n máa ṣe kí ni?

ÀBÚRÒ: Wọ́n fẹ́ gẹrun.

[ìró ọkọ̀ ojú irin]

Ẹ̀GBỌ́N: Lónìí? Ṣé orí wọn pé?

ÀBÚRÒ: Wọ́n tó mọ́kànlá. Apínlẹ́tà àdúgbò wa ló ṣáájú, ó ti bọ́ fìlà ẹ̀ sórí orúnkún. Wọ́n ní bí ilé wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kú nílé yìí, ṣọ́ọ̀bù á ṣí, a ó gẹrun fún ẹni tó bá wá, lọ́fẹ̀ẹ́, títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Bàbá ṣe é lọ́jọ́ tí Màmá kú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀ẹ̀kan! Ọdún méjì péré sẹ́yìn! Ìbànújẹ́ ló dorí wọn kodò, wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá fọwọ́ ṣe. Ìyẹn la wá ń pè ní àṣà?

ÀBÚRÒ: Èmi kọ́ ni mo pè é—

Ẹ̀GBỌ́N: Ká ti ilẹ̀kùn fọ́jọ́ méje, àṣà ilé wa nìyẹn. Bàbá àgbà ṣe é fún bàbá tiwọn, Bàbá ṣe é fún Bàbá àgbà. Tradition nìyẹn! Èyí tó o ń sọ yìí, please, kò tíì hu eyín.

ÀBÚRÒ: Mo pe àbúrò Bàbá àgbà, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo bi wọ́n nípa ọjọ́ méje yẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lónìí?

ÀBÚRÒ: Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Wọ́n ní ibà ló dá Bàbá àgbà dùbúlẹ̀ nígbà tí bàbá wọn kú. Ọjọ́ méje gbáko, wọn ò lè dìde. Ta ni ì bá ṣílẹ̀kùn? Nígbà tó wá kan Bàbá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ka ọjọ́ méje.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibà.

ÀBÚRÒ: Ibà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Kò yí nǹkan kan padà. Tìyẹn ti pẹ́. Tuntun ni eléyìí.

ÀBÚRÒ: Tìyẹn náà ṣe tuntun rí, ẹ má bínú.

Ẹ̀GBỌ́N: Má bá mi ṣe àròyé o! Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n máa lọ.

ÀBÚRÒ: Mi ò lè ṣílẹ̀kùn bí ẹ ò bá ní kí n ṣí i. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè lé wọn. Mò ń gbé fóònù lọ sójú fèrèsé, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín.

[ìró fèrèsé]

APÍNLẸ́TÀ: Ọmọ ọ̀gá! Ẹ kú àdánù o. Kì í ṣe torí ọ̀fẹ́ la ṣe wá. Orí tèmi, kí ló kù níbẹ̀? Lọ́jọ́ ti màmá yín, mo jókòó síwájú ọ̀gá. Wọ́n kàn ń yí orí mi síbí, sọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní, “O ṣé tó o jẹ́ kí n rí nǹkan ṣe.” Ìdí tá a fi wá nìyẹn. Kí ọmọ wọn má bàa jókòó lásán.

[ìró ọkọ̀ ojú irin]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò sí níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́jọ́ ti Màmá. Mo ní iṣẹ́ há mi mọ́ ọ́fíìsì, ọjọ́ kẹta ni mo tó dé. Gbogbo àdúgbò ti wá, wọ́n ti lọ. Bí ìyẹn bá jẹ́ àṣà ilé wa, a jẹ́ pé apínlẹ́tà mọ ilé mi jù mí lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀ẹ̀kan péré la tíì ṣe é. Tuntun ni, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì pẹ́ jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Wákàtí méjì ló kù kí n—

ÀBÚRÒ: Mọ́kànlá ni wọ́n. Bí mo bá rọra ṣe é, ó máa ku mẹ́ta, mẹ́rin fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọdún mẹ́wàá rèé tí mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ o. N ó bà wọ́n lórí jẹ́.

APÍNLẸ́TÀ: Ẹ ò rí i pé ó dáa bí mo ṣe tètè dé!

[ẹ̀rín]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣílẹ̀kùn.

[ìró kọ́kọ́rọ́, ìró ẹsẹ̀ púpọ̀]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Má pa fóònù. Gbé e síwájú jígí, kí n máa gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ó ti wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, sà. Ẹ tẹ orí ba díẹ̀.

[ìró sísọ́ọ̀sì, díẹ̀díẹ̀]

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́ ọ. Mò ń—

[ìpè já]