Bàbá Mi Ni Mo Sẹ́ Lójú Àwọn Òyìnbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kì bá tí sọ ọ́ bí kì í bá ṣe ohun tí bàbá mi ṣe nígbà tí mo wálé kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni orí mi ti dàrú.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Àwọn olùkọ́ òyìnbó máa ń rò pé àwọn ọmọ yìí kò mú ìmọ̀ kankan bọ̀ láti ilé. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí nìyẹn, ẹ sì wá wo ohun tí èmi alára ṣe.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan bi mí níwájú kíláàsì bóyá mo ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kí n tó kúrò nílé. Mo ní rárá. N kò mọ ohun tó fà á. Bóyá inú ló bí mi, bóyá àánú ojú wọn ló dùn mọ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Irọ́ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi níbi gbogbo láti ọjọ́ náà, òun ló sì sọ mí di olókìkí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílùú wa, láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Bẹẹrẹ, Bàbá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe bàbá mi. Yàrá iwájú ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, bí ẹni ń kọ́ni ní aṣọ rírán, títí dórí fírídọ̀ọ̀mù. Èmi náà gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ààfáà ṣàdúrà. Fọ́tò ọjọ́ náà wà lára ògiri pálọ̀.

Lọ́dún yìí, àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní dandan, àwọn fẹ́ rí ilé tí mo ti dàgbà. Nígbà tí a wọlé, fọ́tò kò sí lára ògiri mọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní yàrá iwájú. Ìyá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá mi ti wo fídíò ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́.

Àwọn òyìnbó náà bi bàbá mi bóyá kọ̀ǹpútà wà nílé nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dáhùn, ó ń wò mí.

"Kò sí ńkankan ńbí o. Ọ̀dọ̀ wọn náà ló ti kọ́ gbogbo ẹ̀. Sọ fún wọn."

Ẹnu mi yìí ni mo fi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní, "Dìde jàre. Ṣé àwọn àlejò ẹ jẹun yó?"

Ìyá mi ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, pé ohun tó ṣe nìyẹn. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Amẹ́ríkà, àbúrò mi sọ fún mi pé àwọn kọ̀ǹpútà ti padà sí yàrá iwájú, àwọn ọmọṣẹ́ ti padà. Fọ́tò mi nìkan ni kò padà sára ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ṣé ó bò mí láṣìírí ni, àbí ó ti kọ̀ mí lọ́mọṣẹ́? Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́wọ́ báyìí, ṣé kì í ṣe bàbá mi ni n ó tún sọ di onírọ́ lójú wọn?